Bí Èèyàn Ṣe Ń Di Ẹnjinníà Inú Ọkọ̀ Òkun: Lẹ́yìn Kíláàsì, Ojú Omi Ló Kù

Bí iná bá lọ ládùúgbò, ohun tí onílé máa ń ṣe kò ju pé kó tan jẹnẹrétọ̀ tàbí kó wá àbẹ́là lọ. Bí iná bá lọ nínú ọkọ̀ òkun tó wà lórí ìrìn, ọ̀rọ̀ kọjá ti òkùnkùn. Páǹpù tó ń ti epo sínú ẹ́ńjìnnì yóò dúró, ẹ̀rọ tó ń yí ìtọ́kọ̀ yóò dúró, ọkọ̀ tó ru ẹrù tí ẹgbẹ̀rún tírélà kò lè kó tán yóò sì máa lọ síbi tí omi bá darí rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí ní ìlú Baltimore, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní òru ọjọ́ 26, oṣù kẹta, ọdún 2024. Iná kú lórí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dali, ọkọ̀ náà forí sọ òpó afárá Francis Scott Key, afárá ńlá náà sì wó sínú omi pẹ̀lú àwọn tó ń tún ojú ọ̀nà ṣe lórí rẹ̀. Ẹni mẹ́fà nínú wọn ló kú.

Nàìjíríà náà ti rí irú rẹ̀ rí. Ní oṣù kejì, ọdún 1989, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ River Gurara, tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ìjọba àpapọ̀, dákú nínú ìjì létí òkun ilẹ̀ Potogí. Ìgbì gbé ọkọ̀ náà lu àpáta Cabo Espichel, ó sì rì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni kò padà wálé.

Irú ewu báyìí ló fà á tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé wọ yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun kó ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó. Òfin wà fún un, òfin náà sì kún. Ṣùgbọ́n ibi tó ti le jù lọ nínú rẹ̀ kì í ṣe inú kíláàsì, ojú omi ni. Ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó kọ́ iṣẹ́ yìí há sí.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀

Ẹni tó bá dúró sí Àpápá tó ń wo ọkọ̀ ńláńlá kò rí ju òkè rẹ̀ lọ. Yàrá ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀, lápá ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, apá kan rẹ̀ sì wà lábẹ́ omi. Yàrá ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá ló jọ, tí wọ́n kọ́ ní àjà mẹ́ta mẹ́rin, tí àkàbà irin sì so àwọn àjà náà pọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè ga tó ilé. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ Emma Maersk, tó bọ́ sórí omi ní ọdún 2006, ga tó mítà 13 àti ààbọ̀, ó gùn tó mítà 27, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 2,300. Inú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni èèyàn máa ń wọ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì láti tún un ṣe. Agbára rẹ̀ lé ní kílówáàtì 80,000, síbẹ̀ kì í yí ju nǹkan bí ìgbà 102 lọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dúró lójú kan láìrìn ń yí ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Epo tí ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí ń jó kì í ṣe dísù tí onítírélà ń rà. Epo dúdú tó ki bí ọ̀dà ni, kò sì ní ṣàn dáadáa bí wọn kò bá kọ́kọ́ gbé e gbóná. Wọn yóò gbé e gbóná kọjá ìwọ̀n omi híhó, wọn yóò fi ẹ̀rọ tó ń yí bí òòyì yọ omi àti ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀, kó tó dé ibi tí yóò ti jó. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2020, òfin àgbáyé ti dín imí ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ wà nínú epo ọkọ̀ òkun kù láti 3.5 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àyàfi fún ọkọ̀ tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín. Ìyẹn fi kún ohun tí ẹnjinníà ní láti mọ̀, nítorí pé oríṣiríṣi epo ló ń wọ ọkọ̀ kan náà báyìí, èyí tó bá òmíràn mu àti èyí tí kò bá a mu.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá yìí ni àwọn jẹnẹrétọ̀ wà, pẹ̀lú bọ́ílà tó ń sọ omi di ooru, ẹ̀rọ amúǹkan-tutù fún oúnjẹ, àti ẹ̀rọ tó ń sọ omi iyọ̀ di omi tó ṣeé mu. Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń yọ epo kúrò nínú omi ìdọ̀tí tó bá gúnlẹ̀ sí ìdí ọkọ̀. Omi tí wọ́n bá dà sókun kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 15 epo nínú mílíọ̀nù kan lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ìwé yìí kì í ṣe eré: àwọn ẹnjinníà ti ṣẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n gba ẹ̀yìn da epo sókun, tí wọ́n sì parọ́ sínú ìwé náà.

Ooru ibẹ̀ lè tó ìwọ̀n 40 sí 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius bí ọkọ̀ bá wà lágbègbè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ariwo rẹ̀ ń díni létí, ọwọ́ ni àwọn tó wà níbẹ̀ sì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀kùn méjì

Òfin tó de iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní STCW, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1978 lábẹ́ IMO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà ojú òkun, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní London. Wọ́n tún un ṣe gidigidi ní 1995, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìlú Manila ní 2010, àtúnṣe ti Manila yìí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012. Òfin kan náà ló ń darí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ní Oron àti ẹni tó kọ́ ọ ní Manila.

Ilẹ̀kùn méjì ló wọ yàrá ẹ́ńjìnnì. Èkíní ni ti àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọ̀gá, àwọn tó ń nu ẹ̀rọ, tó ń ta epo sí i, tó ń bá ẹnjinníà ṣọ́ ọ. Òfin gbà kí ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lójú omi, tàbí kó gba ẹ̀kọ́ pàtàkì tí oṣù méjì ojú omi ó kéré tán wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ níbẹ̀ tí ọwọ́ wọn dán ju ti ọ̀gá lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn kejì ni ti ẹnjinníà, èyí tí àwọn òbí sábà máa ń fẹ́ fún ọmọ wọn. Kàdẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó ní láti ṣe dáadáa nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, pàápàá nínú Ìṣirò, Físíìsì àti Èdè Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà tí ìjọba fọwọ́ sí yóò yẹ ara rẹ̀ wò. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríran, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ràn, ó sì gbọ́dọ̀ lè mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn, nítorí pé àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá wáyà àti páìpù mọ̀. Ìwé dókítà yìí kì í lò ju ọdún méjì lọ. Ó yẹ kí òbí ṣe èyí kó tó san owó ilé ẹ̀kọ́ kankan, torí ọmọ tí kò bá mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé lè parí gbogbo ẹ̀kọ́ náà tán kó má rí ọkọ̀ wọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀, ẹ̀kọ́ ààbò mẹ́rin wà tó pọn dandan: bí a ṣe ń wà láàyè nínú omi bí ọkọ̀ bá rì, bí a ṣe ń pa iná, ìtọ́jú pàjáwìrì, àti bí a ṣe ń bá àwọn ẹlòmíràn gbé nínú ọkọ̀ láìfi ara ẹni tàbí tiwọn wewu. Wọn kì í fi ẹnu kọ́ àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Kàdẹ́ẹ̀tì yóò wọ ẹ̀wù ìléfòó, yóò fò láti òkè sínú omi, yóò sì dá ọkọ̀ ìléfòó tó dojú dé padà. Yóò gbé ìgò afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, yóò rá wọ yàrá tí èéfín kún, yóò sì fọwọ́ wá ọ̀nà jáde. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fi hàn pé wọn kò tíì gbàgbé ti omi àti ti iná.

Ẹ̀yìn èyí ni iṣẹ́ ọwọ́. Fáìlì, ẹ̀rọ léètì, jíjó irin pọ̀, títú páǹpù palẹ̀ àti títò ó padà. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mẹkáníìkì rí kò ní ṣàjèjì níbẹ̀ rárá. Ìdí tí wọ́n fi ń lo oṣù lórí oṣù fún un ni pé kò sí ọjà Ládípọ̀ láàrin òkun. Bí irin kan bá kán, tí èyí tí wọ́n kó pamọ́ sì ti tán, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ni yóò rọ òmíràn. Wọn yóò tún kọ́ ọ ní ìmọ̀ ooru, ìmọ̀ iná mànàmáná, yíya àwòrán ẹ̀rọ, àti Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Gíríìsì, ọmọ Íńdíà àti ọmọ Ghana yóò jọ gbọ́.

Oṣù ojú omi

Gbogbo èyí kò tíì sọ ọ́ di ẹnjinníà. STCW sọ pé ẹni tó bá tẹ̀lé ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ ní oṣù 12 ó kéré tán, iṣẹ́ ọwọ́ àti ojú omi pa pọ̀, kí oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ṣíṣọ́ ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀. Ẹni tí kò bá gba ọ̀nà ètò náà yóò lo oṣù 36, tí 30 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lójú omi. Kò gbọ́dọ̀ kéré sí ọmọ ọdún 18 kó tó gba ìwé ẹ̀rí.

Iṣẹ́ tí ọ̀gá sábà máa ń kọ́kọ́ fún kàdẹ́ẹ̀tì ni kó tọ páìpù. Yóò gba tọ́ọ̀ṣì àti bébà, yóò tọ páìpù kan láti ibi tí omi òkun ti ń wọlé títí dé ibi tó parí sí, yóò kọjá lábẹ́ irin, yóò gun àkàbà, yóò ya gbogbo fáàfù tó bá pàdé. Ọjọ́ kan kò tó fún un. Ìgbà tó bá ṣe é tán fún epo, fún omi tútù, fún atẹ́gùn àti fún omi ìpaná, a jẹ́ pé ó lè rìn nínú yàrá náà bí iná tilẹ̀ kú, ohun tí wọ́n sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Òfin ní kí jẹnẹrétọ̀ pàjáwìrì, tó wà lókè tó jìnnà sí yàrá ẹ́ńjìnnì, tan fúnra rẹ̀ kó sì gbé iná láàrin ìṣẹ́jú àáyá 45. Àáyá 45 yìí kì í pẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn, níbi tí ẹ̀rọ ńlá ti dákẹ́ lójijì, ó gùn.

Ìṣọ́ wákàtí mẹ́rin ni wọ́n máa ń ṣe, wọn yóò sinmi fún wákàtí mẹ́jọ, wọn yóò tún padà. Agogo méjìlá sí mẹ́rin, mẹ́rin sí mẹ́jọ, mẹ́jọ sí méjìlá, tọ̀sán-tòru. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì lóru, agogo ìkìlọ̀ ni yóò sì jí ẹnjinníà tó kàn. Òfin fún olúkúlùkù ní ìsinmi wákàtí 10 láàrin wákàtí 24, àti 77 láàrin ọjọ́ méje. Lẹ́nu ìṣọ́ ni kàdẹ́ẹ̀tì ti ń kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé: pé páǹpù tó fẹ́ bàjẹ́ máa ń gbọ̀n yàtọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, pé imú máa ń gbọ́ òórùn epo tó ń jò sórí irin gbígbóná kí agogo tó dún.

Ibẹ̀ náà ló ti ń kọ́ ohun tó ń pani. Gáàsì CO2 tí wọ́n fi ń pa iná yàrá ẹ́ńjìnnì ń pa èèyàn bó ṣe ń pa iná, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ka orí gbogbo èèyàn tán kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ojò tí wọ́n ti dé pa fún ìgbà pípẹ́ lè má ní atẹ́gùn tó ṣeé mí nínú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá wọ̀ ọ́, kò sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìdán afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó sáré wọlé láti yọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń kú tẹ̀ lé e.

Gbogbo ohun tó bá ṣe ni yóò kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹnjinníà yóò sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ọkọ̀ yóò kọ ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde sínú ìwé atukọ̀ rẹ̀, yóò sì lù ú ní òǹtẹ̀. Oṣù tí kò bá sí nínú ìwé yìí, bí ẹni pé kò ṣe é ni. Lẹ́yìn náà ló kan ìdánwò àkọsílẹ̀ àti ti àfẹnusọ, níwájú àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Ní Nàìjíríà, NIMASA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2007 gbé kalẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà l'Ékòó, ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí náà.

Ẹni tó bá gbà á yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Oṣù 12 sí i lójú omi àti ìdánwò mìíràn ni yóò fi lè di igbákejì ọ̀gá yàrá ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ tó kílówáàtì 3,000. Oṣù 36 ni òfin bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọ̀gá pátápátá, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣíìfù, ó sì lè dín sí 24 bó bá ti lo oṣù 12 nípò igbákejì.

Ibi tí ọ̀nà ti dí ní Nàìjíríà

Ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ atukọ̀ sílẹ̀ ní Oron, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ti òní, ní ọdún 1977. Ní 1988 ni wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ di Maritime Academy of Nigeria. Ètò náà mọ́gbọ́n dání nígbà náà, nítorí pé ọkọ̀ wà. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Nàìjíríà, NNSL, ti wà láti 1959, ìjọba sì ra ọkọ̀ tuntun 19 fún un láti Kòríà àti Yugoslavia ní ìparí àwọn ọdún 1970. Orúkọ odò ni wọ́n fi sọ wọ́n: ọ̀kan ń jẹ́ River Oshun, òmíràn ń jẹ́ River Majidun. Ọmọ tó bá kúrò ní kíláàsì mọ ọkọ̀ tí yóò wọ̀.

Gbèsè àti àbójútó tí kò dára jẹ ilé iṣẹ́ náà run. Wọ́n ta àwọn ọkọ̀, nígbà tó sì di 1995, wọ́n pa NNSL rẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ kò dúró, ó ń mú ọmọ jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọn yóò ti parí ẹ̀kọ́ ti tán. Òfin ọdún 2003 ní kí ọkọ̀ tó ń kó ẹrù láti èbúté kan sí òmíràn ní Nàìjíríà jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà, kí òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Òfin kan náà ló tún fún mínísítà láyè láti yọ̀ǹda fún ọkọ̀ àjèjì. NIMASA gbé ètò kan kalẹ̀, NSDP, tó rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Íńdíà, Philippines, Íjíbítì, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn náà padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì láìní oṣù ojú omi, àjọ náà sì tún ní láti wá ọkọ̀ fún wọn lọ́tọ̀.

Ibi tí ebi ọkọ̀ bá ti ń pa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni oníjìbìtì máa ń pàtẹ sí. Àwọn kan ń gba owó ńlá lọ́wọ́ òbí pé àwọn yóò fi ọmọ sínú ọkọ̀. Òfin àgbáyé lórí iṣẹ́ atukọ̀, MLC 2006, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2013, sọ ọ́ kedere pé a kò gbọ́dọ̀ gba owó wíwáṣẹ́ lọ́wọ́ atukọ̀. Owó ìwé dókítà, ìwé atukọ̀ àti ìwé ìrìnnà nìkan ni ó lè san. Ọlọ́kọ̀ ló ni ìyókù, títí kan owó tí yóò fi padà sílé nígbà tí àdéhùn bá parí.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í bèèrè. Iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe nínú ọkọ̀ tí kì í kúrò lórí ọ̀sà, irú èyí tó ń ná Ìkòròdú sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í ṣe iṣẹ́ ojú òkun lójú STCW. Agbára ẹ́ńjìnnì náà ṣe pàtàkì. Kílówáàtì 750 ni ààlà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń pín ìwé ẹ̀rí, 3,000 ni èkejì. Ọmọ tó bá lo ọdún kan nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 750 lè dé iwájú olùdánwò kí wọ́n ní kó lọ wá ọdún mìíràn. Kí òbí tó san owó fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ béèrè bóyá NIMASA fọwọ́ sí i fún ẹ̀kọ́ náà gan-an, kì í ṣe fún òmíràn. Ẹ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń gba àwọn ọmọ wọn, kí ẹ sì wá ẹni tó ti jáde níbẹ̀ kó fi ìwé atukọ̀ rẹ̀ hàn yín. Bí kò bá sí òǹtẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ẹni tó bá la gbogbo èyí kọjá tí ìwé ẹ̀rí tẹ̀ lọ́wọ́ kò gbà á títí ayé. Ọdún márùn-ún ló ń lò. Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lo oṣù 12 lójú omi láàrin ọdún márùn-ún náà, tàbí oṣù mẹ́ta láàrin oṣù mẹ́fà tó kẹ́yìn. Bí kò bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, yóò padà sí kíláàsì tàbí síwájú olùdánwò, ì báà jẹ́ ṣíìfù tó ti lo ogún ọdún nídìí ẹ́ńjìnnì.